Ojú Tí Wọ́n Tún Fẹ́ Fi Polówó Oògùn

Àyèká,
l'ẹ́bàá Òkìtìpupa.

Tóyìn ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá Èkó. Bí o bá rí i pé àwọn ìlà ìwé yìí ń gun ara wọn, má rò pé ìyá rẹ ti kúrò nínú ìjọ Aládùúrà, ó ti lọ ń mutí. Mo ń fo ìlà kan kí n tó kọ òmíràn, bírò dúdú tó nípọn ni mo sì rà, síbẹ̀ ọwọ́ ń ṣìnà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ọ̀tún mi ti fọ́. Ti òsì kù díẹ̀. Bí ẹni ń wo èèyàn láti inú ọ̀rá tó tutù ni mo ṣe rí ọ nígbà tí o wá ṣọdún Kérésì. Mi ò sọ fún ọ nígbà náà, mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí.

O pè mí ní Sátidé yẹn, inú rẹ dùn débi pé o ń kó ọ̀rọ̀ jẹ. O ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́ ti rí iṣẹ́ ńlá gbà, pé àwọn tó ni oògùn ojú ìjọsí fẹ́ tún ìpolówó wọn ṣe lórí tẹlifíṣàn. O ní nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà ọ́, o sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni obìnrin tó jókòó ti iná nínú ti àtijọ́, gbogbo wọn sì pariwo. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o bá wọn mú mi. Wọ́n á wá sí Àyèká níbí, èmi á jókòó sídìí iná bíi ti ìjọsí, ẹnì kan á sì máa sọ lẹ́yìn pé obìnrin yẹn rèé, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. O ní, "Màámi, ẹ ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó, o sì rò pé fáàrí ni mò ń ṣe.

Mo ti rò ó. Èsì mi wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé kì í jẹ́ kí èèyàn já ọ̀rọ̀ gbà. Jókòó, kí o kà á tán.

Pupuru jíjẹ lo mọ̀. Mi ò jẹ́ kí o jókòó ti iná rẹ̀ rí, nítorí náà fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́rin títí yóò fi rọ̀. A ó gbo ó, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó dì í sápò, a ó fún omi rẹ̀ dànù. A ó wá ṣù ú ní ribiti ribiti, a ó tò ó sórí àtẹ irin lókè iná, kí èéfín gbẹ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun, a ó ha dúdú náà kúrò kí a tó gún un. Obìnrin méje ló ń jókòó nínú abà kan. Páànù ló wà lórí, páànù ló wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà nìkan ló ṣí sílẹ̀. A fẹ́ kí èéfín há mọ́ inú, torí òun ló ń ṣiṣẹ́.

Ọmọge ni mí nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ fà mí wọ inú abà yẹn. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti yí pupuru padà lẹ́ẹ̀kan, ìta ló kàn. O ó jáde, o ó fi omi inú bàsíà tó wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ bọ́jú, o ó jókòó títí omijé á fi dá, kí o tó padà wọlé. Ìjáde là ń pè é. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó lóyún àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń rin ìrìnkurìn. Èmi kórìíra ìjáde. Lójú mi, ọgbọ́n àwọn àgbà ọ̀lẹ ni. Mo máa ń yí tèmi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láìdìde, ìyá mi á fi abẹ̀bẹ̀ gbá mi lẹ́yìn: "Ìwọ, bọ́ síta. Ṣé ojú rẹ lo fẹ́ fi dáná ni?" Mo máa ń jáde, ṣùgbọ́n màá máa kùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyẹn. Ibikíbi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́, tí o bá rí àṣà kan tó dà bí àfiṣòfò, tí wọ́n ní kí ẹ dúró, kí ẹ sinmi, kí ẹ wọ tibí, kí ẹ di tọ̀hún mú, béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ níbẹ̀ kí o tó fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ ti sunkún kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Èmi ò béèrè. Ọmọ ogún ọdún mọ gbogbo nǹkan.

Mo fẹ́ bàbá rẹ, mo tẹ̀ lé e lọ sí Ìlútítun, mo ń ta epo. Ojú mi sinmi. Nígbà tí ó kú, mo gbé ọ padà wá sí Àyèká, mo sì padà sí abà, torí kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe tó lè bọ́ wa. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn èèyàn náà dé láti Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà.

Wọ́n wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan ẹja lọ́jà. Àwọn àgbà inú wa, ojú wọn ti pọ́n, ìpéǹpéjú wọn ti wú. Oògùn ojú ni wọ́n wá polówó, ṣùgbọ́n wọn ò wá ẹni tí ojú ń dùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ funfun báláú ni wọ́n ń wá, èmi ni wọ́n sì mú. Tóyìn, orí mi wú. Opó ni mí, mò ń fi aṣọ kan ṣe ti ilé ṣe ti ìjọ, ẹnì kan wá láti Èkó ó ní ojú mi dára. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Inú abà ṣókùnkùn, kámẹ́rà kò rí wa. Ẹni tó ń darí wọn ní kí wọ́n tú páànù ẹ̀yìn abà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Páànù márùn-ún ni wọ́n tú. Bí wọ́n ṣe tú u tán báyìí, èéfín gba ẹ̀yìn jáde lọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó ti iná, kò sí ẹni tó nu ojú rẹ̀. Àní èéfín dín kù débi pé àwọn fúnra wọn ní àwòrán náà kò jọ abà mọ́. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ jó ewé tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kí ó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín rẹ̀ kọjá níwájú wa. Wọ́n gbé ìgò kékeré fún mi, omi lásán ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Mo kán an, mo gbójú sókè, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Iná ń jó, ojú mi ń dán." Wọ́n mú mi sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Nígbà tí wọ́n lọ, páànù márààrún ṣì wà nílẹ̀. Ìyá Wálé ni àgbà abà wa nígbà náà, torí ìyá mi ti kú. O mọ Ìyá Wálé, òun ló máa ń fún ọ ní àkàrà lọ́nà ilé-ìwé. Ó dúró síbi tí ògiri ti ṣí sílẹ̀ yẹn, ó ń wo ìta.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ò kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó sunkún lónìí?"

Ẹnì kan ní, "Pupuru kò gbẹ, Ìyá Wálé. Ọjọ́ ọjà Ìlútítun ń bọ̀."

"Yóò gbẹ. Yóò kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

Èmi ni mo dá a lóhùn. Páálí oògùn ojú kan wà lẹ́sẹ̀ mi tí àwọn ará Èkó fi ta mí lọ́rẹ. Mo ní, "Ìyá Wálé, ayé ti lajú. Ojú tó bá ń dùn yín, ẹ kán oògùn sí i, ẹ jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbé páànù àkọ́kọ́ fúnra mi, mo dì í mú, wọ́n fi ìṣó kàn án padà. Ìyá Wálé ń wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì padà sídìí iná.

Èkejì nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí o dì mú jù lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán ibi iṣẹ́ kan, wo ohun tí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó wo tẹlifíṣàn rí ìgò, kò rí páànù. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rí obìnrin kan tó jókòó ti iná tí ojú kò dùn ún, wọ́n rò pé oògùn ni. Ògiri tó ṣí sílẹ̀ ni. Àwa méje tí a wà níbẹ̀, tí a fi imú wa fa atẹ́gùn náà, àwa náà gbà pé oògùn ni, kí lo fẹ́ kí ẹni tó wà nílé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ mọ̀?

O sọ ìtàn kan fún mi lọ́jọ́ kan, ò ń rẹ́rìn-ín. O ní ẹ ń ya ìpolówó ọtí ewé àti egbò kan, pé akunlé kan ń gun àkàsọ̀, ẹ sì ní kí ẹni tó di àkàsọ̀ náà mú kúrò torí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ inú àwòrán. O ní ọkùnrin náà gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo yín ń fi í rẹ́rìn-ín pé kò tíì mu ọtí náà tó. Èmi náà rẹ́rìn-ín lórí fóònù kí n má bàa bà ọ́ nínú jẹ́. Ọmọ mi, ọjọ́ tí wọ́n bá tún ní kí ẹni tó di àkàsọ̀ mú kúrò, ìwọ lọ dì í mú, kí ọwọ́ tìrẹ wọ inú àwòrán. Kí wọ́n bínú.

Wọ́n ń gbé ìpolówó wa jáde ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ní ọjà Ìlútítun, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń yà fún mi lọ́nà. Wòlíì wa pè mí síwájú ìjọ, ó ní kí wọ́n wo bí Olúwa ṣe ń gbé opó ga. Àwọn obìnrin wá ń gbé ìgò oògùn náà wá sí ìsìn kí á gbàdúrà sí i pẹ̀lú omi àdúrà. Mo gbà á fún wọn lọ́wọ́, mo gbé e síwájú pẹpẹ, mo tún rẹ́rìn-ín ìpolówó.

Kò pẹ́, ìjáde kú. Ẹnikẹ́ni kò fòfin dè é. Ẹni tó bá ti dìde pé òun fẹ́ bọ́ síta, ẹlòmíràn á ní, "Ṣé o ò ní oògùn ojú ni?" Ìtìjú ló pa á. Ẹni tó bá jáde di ọ̀lẹ, ẹni tó bá jókòó títí tí ó kán oògùn lẹ́ẹ̀mẹta di akíkanjú. Bàsíà abẹ́ ìbẹ́pẹ gbẹ, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sínú rẹ̀.

Mo ti wá ń wo tẹlifíṣàn pẹ̀lú ọgbọ́n láti ìgbà náà, títí ojú kò fi gbà mọ́, tí mo wá ń gbọ́ ọ nìkan. Ọkùnrin kan ń ru sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó gbé hóró kan mì, ó tún ru méjì. Àgbẹ̀ kan mu ọtí, ó kó wọ inú igbó láìwọ bàtà. Jórinjórin kan ń jó irin, ó rí sọ́dà tútù, ó bú sẹ́rìn-ín, kò sí nǹkan lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọ bàtà níbi iṣẹ́ nínú tẹlifíṣàn àyàfi tí bàtà ni wọ́n bá ń tà. Ohun tí à ń wò lójoojúmọ́ ń kọ́ wa pé ara èèyàn ló ń bàjẹ́, iṣẹ́ kì í bàjẹ́. Bí ẹ̀yìn bá dun alábàárù, ẹ̀yìn rẹ̀ la ó wá oògùn fún, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó dé tí ẹnì kan fi ru ẹrù ẹni mẹ́ta. A ti gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gé ẹyìn ọ̀pẹ nítòsí wa níbí, kí o ní kí wọ́n fún àwọn tó ń gé e yẹn ní ìbọ̀wọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó di dandan kí n sọ ti Ìyá Wálé báyìí. Mo ti ń sá fún un láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, mò ń kọ ọ́, mò ń fà á ya.

Òun náà ń kán oògùn náà bíi ti gbogbo wa. Ìrora lọ. Ìrora yẹn ló máa ń lé wa jáde tẹ́lẹ̀, nígbà tí kò sí mọ́, ó ń jókòó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò mọ ibi tí àtẹ parí sí mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní abà yẹn, mo sì ti jẹ́ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ láti yí pupuru, ó fi ara lé ibi tó rò pé irin wà. Irin kò sí níbẹ̀. Apá rẹ̀ wọ inú iná dé ìgúnpá. Èmi ni mo fà á jáde. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ.

Ohun tí àwọn èèyàn sọ ni mo fẹ́ kí o gbọ́. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, a ń dúró de ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bú abà, kò sẹ́ni tó wo páànù. Obìnrin kan tó ń lọ sí Oṣóòrò dúró, ó bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kò ríran dáadáa ni. Ó mi orí. Ó ní, "Èèyàn kì í gbọ́ràn. Ṣebí wọ́n ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn lójoojúmọ́, kí ló dé tí kò kán oògùn?" Èmi ni "wọ́n" yẹn, Tóyìn. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo gbé orí Ìyá Wálé sórí itan mi, obìnrin náà sì wò mí lójú, kò dá mi mọ̀, torí eérú ti bo gbogbo ara mi.

Ìyá Wálé ṣì wà láàyè. Apá rẹ̀ ká, kò ríran rárá. Wọ́n máa ń fà á lọ́wọ́ wá sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá ti gbóhùn mi, á ní, "Ẹlẹ́yinjú, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ tí ó mọ̀ mí sí ni. Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá balẹ̀ a kì í kó o mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo wá rí i pé ohùn lè balẹ̀, kí ó fọ́, kí wọ́n sì tún máa gbé e jáde lálaalẹ́ fún ọdún gbọọrọ.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́, ẹ̀kẹta ni àbí ẹ̀kẹrin. Má fi ẹni tó ní "ẹ dúró ná" níbi iṣẹ́ ṣẹ̀sín. Bí o bá fi í ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ èkejì, èkejì náà ló sì máa ń jẹ́ èyí tó yẹ kí o gbọ́. Èmi rí ẹ̀rín gbà lọ́jọ́ yẹn. N kò tíì rí ẹ̀rín kankan tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ojú tèmi bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá dókítà ojú ní Òkìtìpupa. Ọmọdébìnrin kan ni, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Ó tan iná sí i, ó wò ó títí, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń kán sí i láti gbogbo ọjọ́ yìí?" Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní oògùn náà máa ń mú kí ojú funfun, kí ó má ta èèyàn, ṣùgbọ́n kò lè dá èéfín dúró. Ó ní, "Ojú yín ń ké sí yín, Màmá, ẹ ń di ẹnu rẹ̀." Kò mọ̀ pé èmi ni mo polówó rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé òun fẹ́ràn ìpolówó náà, ó sì kọ gbólóhùn mi jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kí i, mo wọ ọ̀kadà, mo wálé.

Mo gbìyànjú, kí o má sọ pé ìyá rẹ kàn jókòó káwọ́ lẹ́rán. Mo lọ sí abà. Àbúrò mi Bọ́sẹ̀ ló jókòó sí àyè mi níbẹ̀ báyìí, Àǹtí Bọ́sẹ̀ rẹ tó mú ọ lọ wo eré ìdárayá nígbà kan. Gbogbo ènìyàn ní ó jọ mí bí ìmumu, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jù ú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí mi ò lè wọlé mọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á tú páànù ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Mo bẹ̀ yín."

Bọ́sẹ̀ ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ fún gbogbo ayé pé iná ń jó, ojú ń dán?"

"Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ̀yin kì í purọ́," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sinmi. Bí ojú bá ta wá, oògùn wà."

Mo tún padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbé àga fún mi síta, wọ́n fún mi ní omi mu, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà náà. Orí wọ́ níṣojú mi, àwọn tó pọ̀n ọ́n sì ní ohun tí mo rí kò rí bẹ́ẹ̀, torí èmi àtijọ́ ń sọ òdìkejì lórí tẹlifíṣàn, ojú tèmi ìgbà náà sì dára ju tèmi ìsinsìnyí lọ. Ta ni wọn yóò gbà gbọ́?

Nítorí náà má rò pé mò ń kọ èyí pẹ̀lú ìrètí pé yóò tún nǹkan ṣe. Mi ò ní ìrètí náà mọ́. Mo ti gbàdúrà lórí òkè, mo ti gbààwẹ̀, ohun tí mo gbọ́ ni pé Ọlọ́run kì í bá ènìyàn tú páànù. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á rí ẹlòmíràn. Bí ìwọ bá kọ̀, wọ́n á gba ẹlòmíràn síṣẹ́ rẹ. Mi ò ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀. Ibo lo fẹ́ lọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí o fi jókòó sílé? Mi ò kàn fẹ́ kí o wà níbẹ̀ láìmọ̀, bí mo ṣe wà níbẹ̀ láìmọ̀. Kí o mọ̀ ọ́n, kí ó máa dùn ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lè di àkàsọ̀ mú lọ́jọ́ kan, fún ẹnì kan. Bóyá ìyẹn nìkan ni yóò ṣeé ṣe ní gbogbo ayé rẹ. Kò pọ̀. Ó ju ohun tí èmi ṣe lọ.

O máa bi mí ìdí tí mo fi fi ọ̀rọ̀ ojú yìí pa mọ́ fún ọ. Ní Kérésì, o gbé fóònù rẹ síwájú mi, o ní kí n wo ara mi nínú ìpolówó àtijọ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù. Mi ò rí nǹkan kan. Mo gbọ́ ohùn ara mi. O ní, "Màámi, ẹ wo bí ẹ ṣe rẹwà." Mo ní mo rí i. Ìgbéraga tó wà nínú ohùn rẹ ni mi ò lè bà jẹ́. O dàgbà lórí ìpolówó yẹn, ní ilé-ìwé wọ́n ń fi pè ọ́, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí o fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo tọ́ka ọ̀nà náà fún ọ, láìsọ̀rọ̀.

Èsì mi nìyí, mi ò ní wá jókòó ti iná. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé obìnrin náà kò ríran mọ́, kí o sì sọ ohun tó fọ́ ojú rẹ̀, má fi í bò. Má ní ara mi kò yá. Má ní mo lọ sí ìrìn àjò.

Mo mọ bí yóò ṣe lọ. Yóò ní, "Pẹ̀lẹ́, Tóyìn." Yóò béèrè bí mo ṣe ń ṣe sí, torí èèyàn ni òun náà, ó ní ìyá. Lẹ́yìn náà yóò bi ọ́ bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí rẹ tó jọ mí, tí ojú tirẹ̀ ṣì mọ́, torí wọ́n ti gba iṣẹ́ náà, ọjọ́ sì ti sún mọ́.

Bọ́sẹ̀ ti gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ó di irun tuntun ní àná, ó wá fi hàn mí, mo fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, mo ní ó dára. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé mi ò ní lè ṣe é, òun ti mọ gbólóhùn náà. Ó sọ ọ́ sí mi létí. Kò sí ìyàtọ̀ láàrin ohùn rẹ̀ àti tèmi.

Nígbà tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́, ọmọ mi, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, sọ pé èmi nìkan ni ìyá mi bí.

Èmi ni ìyá rẹ.